Iná Tí Yóò Yó Servo Ìdarí Ọkọ̀ Crawler, Láti Ẹnu Bátìrì Dé Ìdí Táyà

Ìṣòro kan wà tí ó máa ń tan àwọn tó ní ọkọ̀ crawler jẹ, ìyẹn ọkọ̀ kékeré olórìmóòtù tí a ṣe láti máa fi sùúrù gun àpáta. Ọkọ̀ náà á gùn dé ibì kan, táyà iwájú á há sí àárín òkúta méjì, ẹni tó mú rìmóòtù á yí ìdarí, servo, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń yí táyà iwájú, á máa kùn bí oyin tó há sínú ìgò, ṣùgbọ́n táyà kò ní yí. Nígbà mìíràn, gbogbo ọkọ̀ á kú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, iná ara rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tí ń gba àṣẹ rìmóòtù, á ṣẹ́jú, ọkọ̀ á sì tún jí padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á dá servo lẹ́bi, wọ́n á ra èyí tó lágbára jù ú lọ, wọ́n á dè é sí ipò rẹ̀, ìṣòro náà á sì wá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Servo tuntun yẹn ń jẹ iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ibi tí iná ti ń wá kò yí padà. Ebi ni ó ń pa ti àkọ́kọ́. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ sì jẹ́ alájẹkì.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ọ̀nà tí iná ń gbà láti bátìrì dé ọ̀dọ̀ servo, ibi tí ó ti máa ń dín kù lójú ọ̀nà, àti bí a ṣe lè tún ọ̀nà náà ṣe kí servo tí a ní lọ́wọ́ lè lo gbogbo agbára tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ibi tí iná ti ń wá

Fólìtì 3.7 ni a ń ka sẹ́ẹ̀lì LiPo kan sí (LiPo ni irú bátìrì tí ọkọ̀ wọ̀nyí ń lò), ṣùgbọ́n bí ó bá kún dáadáa, fólìtì 4.2 ni. Nítorí náà, bátìrì 2S tí ó ní sẹ́ẹ̀lì méjì ń jẹ́ fólìtì 7.4 lórí páálí, ó sì máa ń jẹ́ 8.4 nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ kúrò lórí cháàjà. 3S ń jẹ́ 11.1 lórí páálí, ó sì jẹ́ 12.6 bí ó bá kún. Ẹ fi iye tí bátìrì jẹ́ nígbà tí ó kún yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó ń jó nǹkan.

Rìsífà àti ọ̀pọ̀ servo kò lè gba irú iná báyìí tààrà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú ESC, èyí tí ó ń díwọ̀n iná fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí ẹ̀rọ kékeré náà lè máa sọ iná bátìrì di fólìtì 5 tàbí 6. Òun ni a ń pè ní BEC. Orúkọ náà ti wà láti ìgbà tí ọkọ̀ olórìmóòtù máa ń gbé bátìrì méjì, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, èkejì fún rìsífà àti servo. BEC ni ó dé tí ó lé bátìrì kejì lọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí ó ti inú ESC wọ inú rìsífà ni iná náà ń gbà: dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ ni négétíìfù, pupa ni pọ́sítíìfù, funfun tàbí àwọ̀ ọsàn sì ni ti àṣẹ. Láti inú rìsífà ni iná yìí ti ń pín fún servo àti fún ohunkóhun mìíràn tí a bá kì bọ inú rẹ̀.

Wáyà àṣẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé iná kankan. Ìlù kékeré ni ó ń gbé, tí ó máa ń dún ní bí ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gígùn ìlù náà ni ó sì ń sọ ibi tí servo yóò yí sí: mílísẹ́kọ́ǹdì 1.5 ni àárín, 1 jẹ́ òpin ní apá kan, 2 jẹ́ òpin ní apá kejì. Mo sọ èyí kí ó lè yé wa pé ọ̀nà àṣẹ àti ọ̀nà oúnjẹ jẹ́ ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gbà. Gbogbo àtúnṣe tí ó nítumọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí wá láti orí yíyà wọ́n sọ́tọ̀.

Oríṣi BEC méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní linear máa ń sọ iná tí a kò fẹ́ di ooru. Ká ní a fi 3S tí ó kún sí i, tí ó ń gbé fólìtì 6 jáde, tí servo sì ń fa ámpù 3: fólìtì 6.6 tí ó gé kúrò yẹn, lọ́nà ámpù 3, jẹ́ ooru tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 20, tí ń jáde lára ohun tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ooru yẹn kò jìnnà sí ti irin kékeré tí a fi ń yọ́ òjé. Kò sí bí BEC bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná, bí ó bá sì ti pa ara rẹ̀, rìsífà náà kú nìyẹn. Oríṣi kejì, switching, máa ń tan iná náà, á máa pa á, ní kíákíá tí ojú kò lè rí, títí tí àròpọ̀ rẹ̀ yóò fi jẹ́ iye tí a fẹ́. Bí ó bá lo ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí ó gbà, ooru tí yóò jáde fún iṣẹ́ kan náà kò ju wáàtì 2 lọ. Ẹni tí ó bá ń lo 3S kò níṣẹ́ kankan pẹ̀lú linear.

Ebi tí ń pa servo

Servo tí ó jókòó jẹ́ẹ́ kì í jẹ ju ìdá díẹ̀ nínú ámpù kan. Bí ó bá ń yí láìsí ohun tí ó dí i lọ́wọ́, ó lè jẹ ámpù kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá há, tí ó ń ti ohun tí kò yẹ̀, ó máa ń fa gbogbo iná tí apá rẹ̀ bá ká, iye yìí sì ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé rẹ̀ ní stall current. Fún servo ńlá tí a sábà máa ń dè mọ́ crawler, ámpù 4 sí 6 kò ṣọ̀wọ́n, àwọn kan sì kọjá bẹ́ẹ̀. Lára ọkọ̀ eré sísá, servo kì í há ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, nítorí táyà rẹ̀ ń yí lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ti crawler kò rí bẹ́ẹ̀. Táyà rẹ̀ tóbi, rọ́bà rẹ̀ rọ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ òkúta, wọ́n sì ti sábà dè gíà iwájú pa kí táyà méjèèjì lè máa yí bákan náà, ìdí nìyẹn tí ìdarí fi ń wúwo; ọkọ̀ náà sì lè dúró gbári sójú kan nígbà tí a ń yí i. Ibi híhá gan-an ni servo crawler ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá fi èyí wé BEC inú ESC tí ó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè gbé ju ámpù 2 tàbí 3 lọ. Bí servo bá bèèrè 5 lọ́wọ́ ẹni tí ó ní 3, fólìtì á wálẹ̀. Bí fólìtì bá wálẹ̀, agbára servo á bá a wálẹ̀, nítorí pé kg-cm 25 (ìwọ̀n agbára tí servo fi ń yí nǹkan) tí wọ́n kọ sára rẹ̀, orí fólìtì kan pàtó ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó sì sábà jẹ́ 7.4 tàbí 8.4. Ẹni tí ó ń fún irú servo bẹ́ẹ̀ ní fólìtì 5 kò tíì rí servo tí ó rà. Bí fólìtì bá sì wálẹ̀ ju ohun tí rìsífà lè fara dà lọ, rìsífà á pa ara rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì yí gbirigbiri láti orí àpáta kí ó tó jí.

Bí a ṣe ń dán an wò

Kò sídìí láti máa méfò, nítorí mítà tí kò wọ́n lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ kó ọkọ̀ sórí tábìlì, ẹ fi bátìrì tí ó kún sí i, ẹ fi ẹnu mítà kan àwọn irin tí ó yọ lẹ́yìn púlọ́ọ̀gì servo, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Ẹ wo iye tí ó kọ nígbà tí ohun gbogbo jókòó. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kejì di táyà iwájú méjèèjì mú ṣinṣin kí ẹ sì yí ìdarí lọ sí ìdajì, fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí servo má baà gbóná.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe èyí, mítà kọ 5.9 nígbà tí servo jókòó. Nígbà tí a di táyà mú, ó já sí 4.4, ó gòkè sí 5, ó tún já, iná pupa ara rìsífà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo ti pààrọ̀ servo ẹ̀ẹ̀mejì kí ọjọ́ náà tó pé. Mítà lásán kì í yára tó láti mú jíjá tí ó kúrú, nítorí náà ibi tí iná wálẹ̀ dé gan-an jìn ju ohun tí a rí lọ; bí mítà yín bá ní ibi tí ó ń pa iye tó kéré jùlọ mọ́, òun ni kí ẹ lò.

Bí iná kò bá já ju ìdá díẹ̀ nínú fólìtì kan lọ, tí servo kò sì lè yí táyà síbẹ̀, a jẹ́ pé servo náà gan-an ló kéré. Bí ó bá já tó fólìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má tíì ra servo kankan.

Ohun kan tí kò ná wa lówó rárá ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Nínú rìmóòtù, ibì kan wà tí a ti ń dín ibi tí servo lè yí dé kù, tí a ń pè ní EPA. Ọ̀pọ̀ crawler ni a ti ṣètò débi pé, nígbà tí ìdarí bá dé òpin, irin ti ti irin lára ásù (ọ̀pá tí táyà wà lórí rẹ̀), ṣùgbọ́n servo kò mọ̀, ó ṣì ń tì í. Nígbà náà, servo há sílẹ̀ láìsí òkúta kankan nítòsí, ó ń fa gbogbo ámpù rẹ̀, á sì gbóná títí tí yóò fi jóná. Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ẹ yí ìdarí dé òpin, ẹ tẹ́tí sí kíkùn. Ẹ dín EPA kù díẹ̀díẹ̀ títí kíkùn yóò fi dákẹ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá kejì, nítorí apá méjèèjì kì í sábà bára dọ́gba. Ẹ tún yọ apá servo kúrò lórí ọ̀pá ìdarí, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà: ó yẹ kí ó lọ kí ó bọ̀ láìkọsẹ̀. Ìdè tí a fún jù tàbí ọ̀pá tí ó tẹ̀ máa ń jẹ iná ní gbogbo ìgbà.

Àwọn ọ̀nà àbáyọ

Ọ̀nà tí ó rọrùn jùlọ ni pé kí a gbé fólìtì BEC inú ESC sókè, bí ESC náà bá gbà á. Àwọn kan ṣeé yí láti 6 sí 7.4. Èyí ń fún servo ní agbára sí i, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí ó máa fa ámpù púpọ̀ sí i, ámpù tí BEC lè gbé kò sì pọ̀ sí i. Ewu kejì ni pé fólìtì tí a gbé sókè yìí, gbogbo ohun tó wà nínú rìsífà ni yóò gbà á. Ọkọ̀ tí ó ní servo kéékèèké tí ń ti gíà pa tàbí tí ń pààrọ̀ gíà, tí wọ́n kọ fólìtì 6 sí lára, kò gbọdọ̀ rí 7.4. Ẹ ka ara servo kọ̀ọ̀kan, àti ti rìsífà pẹ̀lú.

Ọ̀nà kejì ni BEC àdádúró. Èyí jẹ́ BEC tí kò sí nínú ESC, tí ó ń gba iná lẹ́nu bátìrì fúnra rẹ̀, tí a sì lè yan iye fólìtì tí yóò gbé jáde. Ẹ ra èyí tí ámpù tí ó lè gbé láìdáwọ́dúró kọjá àròpọ̀ stall current gbogbo servo tí yóò bọ́. Iye ńlá tí wọ́n máa ń kọ síwájú páálí, ti ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ tún wò ó bóyá ó lè gba bátìrì tí ẹ ń lò, nítorí àwọn kan kò kọjá 3S.

A lè kì BEC yìí bọ inú rìsífà, kí rìsífà máa pín iná rẹ̀. Bí a bá ṣe é báyìí, ó di dandan kí a yọ wáyà pupa kúrò nínú púlọ́ọ̀gì tí ESC fi wọ rìsífà, nítorí BEC méjì kò gbọdọ̀ jọ pàdé lórí pupa kan: ọ̀kan á máa ti ìkejì, èyí tí kò lágbára ni yóò sì kọ́kọ́ jóná. Ẹ kò nílò láti gé e. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ gbé ahọ́n ike kékeré tí ó wà lára púlọ́ọ̀gì sókè, ẹ fa wáyà pupa jáde pẹ̀lú irin rẹ̀, ẹ fi rọ́bà ìbowáyà bò ó, ẹ sì dè é mọ́ àwọn yòókù kí ẹ lè dá a padà lọ́jọ́ mìíràn. Dúdú àti àṣẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Èmi fúnra mi kò fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún servo ńlá. Irin kéékèèké inú púlọ́ọ̀gì servo tí ó wọ́pọ̀, a kò ṣe é fún ju bí ámpù 3 lọ ní àìdáwọ́dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà iná inú rìsífà náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ó ra BEC ámpù 10, tí ó sì fi gbogbo rẹ̀ gba inú ihò ámpù 3, dà bí ẹni tí ó gbẹ́ kànga ńlá tó wá ń fi ìdérí ìgò pọn omi.

Ohun tí mo máa ń ṣe, tí mo sì rò pé ó dára fún ọ̀pọ̀ crawler, ni pé kí BEC àdádúró máa bọ́ servo ìdarí nìkan, tààrà, kí BEC inú ESC máa bọ́ rìsífà àti àwọn ohun kéékèèké. Bí servo bá há, kí ó há. Iná rìsífà kò ní mì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Kí BEC tó fojú kan servo, ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ bátìrì, kí ẹ fi mítà wo ohun tí ó ń gbé jáde. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ gbọ́. Mo ti rí èyí tí ó ń gbé fólìtì 9 jáde nígbà tí bọ́tìnì rẹ̀ wà lórí 6. Ẹ ṣètò rẹ̀ sí iye tí servo lè gbà, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì yọ bátìrì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi òjé jó wáyà tí BEC fi ń gba iná mọ́ ibi tí wáyà ESC ti pàdé púlọ́ọ̀gì bátìrì, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó gbé irin òjé, kí ẹ sì fi rọ́bà bo ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì, nítorí bí méjèèjì bá kan ara wọn, iná LiPo kì í ṣe eré. Bí ESC bá ní súwìsì, BEC tí a so síbẹ̀ kò sí lábẹ́ súwìsì yẹn. Yóò máa ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá ṣì wà nínú ọkọ̀.

Ní apá servo, ẹ má gé wáyà servo fúnra rẹ̀. Ẹ wá wáyà ìmúgùn kúkúrú kan, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ kan wọ rìsífà tí èkejì sì gba púlọ́ọ̀gì servo. Ẹ gé pupa rẹ̀ láàárín. Apá pupa tí ó lọ sí rìsífà, ẹ fi rọ́bà dí i. Apá tí ó lọ sí servo, ẹ jó o mọ́ pupa tí ó ti inú BEC jáde. Dúdú BEC, ẹ ṣí ara dúdú wáyà ìmúgùn díẹ̀ láìgé e, ẹ sì jó o mọ́ ọn. Wáyà àṣẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìdí tí a kò fi gé dúdú ni pé rìsífà àti servo gbọ́dọ̀ jọ gbà pé ibì kan náà ni òdo fólìtì wà; bí wọn kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ìlù àṣẹ á di ariwo létí servo, servo á sì máa gbọ̀n tàbí kí ó má gbọ́ràn rárá.

Wáyà tí ẹ bá lò níbi iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ. Ká ní BEC jìnnà sí servo ní sẹ̀ǹtímítà 30. Iná ń lọ, ó sì ń padà, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 60 ni. Lórí wáyà 26 AWG (AWG ni ìwọ̀n ìnípọn wáyà), tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìdíwọ́ ibẹ̀ tó óòmù 0.08, bí ámpù 5 bá sì ń kọjá, fólìtì 0.4 ti ṣòfò kí ó tó dé servo. Lórí 22 AWG, ó dín sí 0.16, lórí 18 AWG, 0.06 péré. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni wáyà ń nípọn sí i. 20 tàbí 18 ni mo ń lò, mo sì ń jẹ́ kí ó kúrú.

Ọ̀nà kẹta ni ti servo tí a ṣe láti gba iná bátìrì láìsí BEC rárá. Wáyà méjì ló máa ń jáde lára irú rẹ̀: tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ rìsífà fún àṣẹ, àti nípọn kan tó lọ sí ẹnu bátìrì. Agbára rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìṣètò rẹ̀ sì rọrùn, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni kí a ṣọ́. Àkọ́kọ́, servo tí wọ́n kọ 8.4 sí kò gbọdọ̀ rí 3S láéláé. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan nínú òkùnkùn, nígbà tí bátìrì méjì mi jọra. Kí n tó gbọ́ òórùn, servo ti lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi téèpù pupa dè gbogbo 3S. Èkejì, ESC máa ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ tán kí sẹ́ẹ̀lì má baà bàjẹ́, ṣùgbọ́n servo tí ó so mọ́ bátìrì tààrà kò sí lábẹ́ àṣẹ yẹn. Ẹni tí ó bá gbàgbé bátìrì sínú ọkọ̀ mọ́jú, bátìrì wíwú ni ó lè bá lọ́wọ́ àárọ̀. Ẹ yọ ọ́ ní gbogbo ìgbà, tàbí kí ẹ fi súwìsì tí ó lè gbé ámpù rẹ̀ sójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta, bí bátìrì bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni servo yóò máa rẹ̀. BEC kì í jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀.

Àwọn ohun yòókù

Winch (ẹ̀rọ tí ń wọ́ okùn láti fa ọkọ̀) tí ó ní ẹ̀rọ ìdarí tirẹ̀ yẹ kí ó máa gba iná lẹ́nu bátìrì, kí wáyà àṣẹ rẹ̀ nìkan wọ rìsífà. Winch tí a ṣe láti ara servo, ti ìdarí ni ẹ kà á sí nígbà tí ẹ bá ń ṣírò ámpù. Iná LED kò jẹ nǹkan kan: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ mílíámpù 20, mẹ́wàá wọn kò ju ámpù 0.2 lọ. Fáànù kékeré náà kò ní ìyọnu, bí fólìtì rẹ̀ bá ti bá ti rìsífà mu.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kàpásítọ̀ ni kí ẹ fi sínú ihò òfìfo rìsífà, ọ̀ràn sì parí. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ máíkírófárádì 4700. Bí servo bá bèèrè ámpù 3 tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò fún un, kàpásítọ̀ náà yóò ti sọ fólìtì kan nù láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 1.6. Ó lè bo ìta kékeré nígbà tí servo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta gìrì, kí rìsífà má baà ṣẹ́jú. Servo tí ó há fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kọjá agbára rẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí fólìtì tí wọ́n kọ sí i lára kọjá ti BEC dáadáa, 16 dára, kí ẹ má sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sódì, nítorí yóò bú gbàmù.

Ẹ jìnnà sí rìsífà bí ẹ bá ń wá àyè fún BEC, pàápàá sí wáyà eriali rẹ̀, nítorí títan-pípa kíákíá inú switching ń mú ariwo wá. Bí òrùka dúdú kan bá bá BEC wá, ẹ lọ́ wáyà tí ó ń gbé iná jáde yí i ká nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fún ọkọ̀ tí yóò wọ omi, ẹ fi rọ́bà tí ó ní àtè nínú bo gbogbo ojú ibi tí ẹ jó, ẹ má sì gbé BEC sí ìsàlẹ̀ tí omi ti ń dá dúró.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ tún dán an wò pẹ̀lú mítà bí ti àkọ́kọ́, táyà dídìmú, ìṣẹ́jú àáyá méjì. Nínú ọkọ̀ tèmi, 7.4 já sí 7.1 péré, rìsífà kò sì mira. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ sórí òkúta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì fọwọ́ kan ohun mẹ́ta bí ó bá ti dúró: BEC, púlọ́ọ̀gì servo, àti servo fúnra rẹ̀. Bí BEC bá lọ́wọ́ọ́rọ́, kò sí wàhálà. Bí kò bá ṣeé di mú, ó kéré jù. Púlọ́ọ̀gì kò yẹ kí ó gbóná rárá. Bí ó bá gbóná, irin inú rẹ̀ ti tú tàbí òjé kò mú dáadáa. Bí servo nìkan bá gbóná, ẹ padà sí EPA.